Ọdẹ́jobí Lọ Béèrè Lọ́wọ́ Ẹni Tó Nilẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́ kí ó wúkọ́ nísinsìnyí, ẹni tí ó bá fẹ́ gba aáṣà kí ó tètè gbà á, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti pa ẹfọ̀n rí. Mo ti pa ìnàkí tí ó ń pe orúkọ bàbá mi lórí igi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ara mi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́jobí, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń gbé ìbọn kọ́ èjìká tí igbó kò fi ní gbọ́. Ó kúrú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹnu rẹ̀ kò sì dùn. Bí ó bá kí ọ, ìwọ yóò rò pé ó ń bú ọ ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí ń fẹ́. Ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ yá ìbá ti sọnù sínú igbó náà.

Ní ìlú Àgbàjọ tí Ọdẹ́jobí ń gbé, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ni gbogbo ilé. Látúndé ni orúkọ rẹ̀. Láti ẹnu bodè títí dé etí odò, orí òrùlé Látúndé ni àdàbà ìlú ń bà sí. Ayálégbé ni gbogbo àwọn yòókù: alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, amọ̀kòkò, ọdẹ pẹ̀lú. Baálẹ̀ pàápàá, yàrá Látúndé ni ó ń sùn sí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Látúndé a jáde pẹ̀lú àwọn géńdé méjì tí ọrùn wọn nípọn bí ìdí ọ̀pẹ, a sì kéde pé owó ilé ti lé sí i. Ìgbà òjò gan-an ni ó ń mú, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde sínú omi. Wọ́n ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Irọ́ ni. Òjò bá Látúndé ṣọ̀rẹ́, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún un.

Ọdún tí mò ń wí yìí, Mojéèrè amọ̀kòkò kò rí àfikún náà san. Opó ni, oyún ọkọ rẹ̀ tó kú sì wà nínú rẹ̀. Àwọn géńdé gbé ẹní rẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò rẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ síta, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Abẹ́ àtíbàbà ọjà ni ó bímọ sí. Òjò ń fẹ́ wọlé láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ náà kò rí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èyí kò rí ilé wò.

Wọn kò tíì gbàgbé igbe Mojéèrè nígbà tí Látúndé dé ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́jobí. Ìbíwùmí, ìyàwó Ọdẹ́jobí, ń yan àgbàdo ní ìloro; ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú.

Látúndé ní, "Ọdẹ, ṣé o gbọ́ ohun tí mo kéde?"

Ọdẹ́jobí ní, "Mo gbọ́. Mo tún gbọ́ igbe Mojéèrè. Èwo ni kí n dáhùn nínú méjèèjì?"

Látúndé kò bínú. Ẹni tí ó ni gbogbo ilé kì í tètè bínú. Ó ní, "Ẹ máa ń rò pé èmi ni ìkà yín. Èmi kọ́. Ilẹ̀ tí mo kọ́lé lé kì í ṣe tèmi. Onílẹ̀ ń bẹ nínú Igbó Àìsinmi. Ọdọọdún ni ó ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi kún ohun tí mò ń fún òun. Bí n kò bá fún un, yóò la ẹnu, yóò sì gbé ìlú yìí mì tòun ti adìyẹ. Èmi ni mò ń dá a dúró. Ọpẹ́ ló yẹ kí ẹ máa dá."

"Ta ló ti rí onílẹ̀ yìí rí?"

"Lọ rí i. Àbí ọdẹ etí ilé ni ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ọdẹ́jobí. Ó di Látúndé mú ní apá aṣọ, ó wọ́ ọ lọ síwájú Baálẹ̀, gbogbo ìlú sì tẹ̀ lé wọn. Níbẹ̀ ni Látúndé ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àdéhùn, nítorí ó dá a lójú pé ẹni tí ó bá wọ Igbó Àìsinmi kì í bọ̀. Ó ní, "Bí o bá bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, tí òun bá sì ní òun kò béèrè, n kò ní fi kún un mọ́ láé. Ṣùgbọ́n bí iṣu tuntun bá wọ ọjà kí o tó dé, ìyàwó rẹ yóò jáde, ikùn yòówù kí ó gbé."

Baálẹ̀ wo ilẹ̀. Kò lè sọ pé rárá. Òun náà ní yàrá tí ó ń gbé.

Nígbà tí Ọdẹ́jobí ń di àpò ọdẹ rẹ̀, Ìbíwùmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má torí mi kú sínú igbó. Abẹ́ àtíbàbà tí Mojéèrè bímọ sí ṣì wà níbẹ̀."

"Pa ẹnu dé," ni Ọdẹ́jobí wí.

"Ẹ máa lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá padà, n kò ní sunkún yín. Inú ni yóò máa bí mi sí yín."

Bí wọ́n ti ṣe dágbére nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ dákẹ́. Tọkọtaya tí ó fẹ́ràn ara wọn dénú ni.

Igbó Àìsinmi kò jọ igbó mìíràn. Ẹyẹ ibẹ̀ kì í bà. Ewé ibẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ bí atẹ́gùn tilẹ̀ sùn. Ọdẹ́jobí rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó lórí gbòǹgbò kan. Kò tíì mí tán nígbà tí ohùn kan dún lókè orí rẹ̀ pé, "Orí gbòǹgbò mi lo jókòó sí. Sanwó."

Ọdẹ́jobí gbójú sókè. Iwin kan ni. Ó ga bí àràbà, pákó ni gbogbo ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀kùn tí ń dún kíìkíì bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Agbowó-Òjìji ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́jobí dìde.

"Ibi tí o dúró sí, tèmi ni. Sanwó."

Ọdẹ́jobí bọ́ sínú òjìji igi kejì.

"Òjìji yẹn, tèmi ni. Sanwó."

"Kí ni o ń gbà?"

"Oorun ojú ẹni ni mo ń gbà," ni Agbowó-Òjìji wí, ó sì nawọ́ síwájú. Ọdẹ́jobí gbìyànjú láti ṣẹ́ ojú, ojú rẹ̀ kò padé mọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn ohun tí ó ti rò pé kùkùté igi ni wọ́n, ènìyàn ni wọ́n, wọ́n dúró gbagidi, ojú wọn là sílẹ̀ ràngàndàn, eruku sì ti bo ẹyinjú wọn. Àwọn tí wọ́n ti jẹ ẹ́ ní gbèsè nìyẹn. Ọdẹ́jobí fa ìbọn yọ, ó yìn ín. Ìbọn húkọ́, kò dún. Ó bẹ́ mọ́ iwin náà lórúnkún, wọ́n wọ̀yá ìjà, pákó ya á ní àyà, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Nígbà tí Agbowó-Òjìji rí i pé ọkùnrin kúkúrú yìí kò fẹ́ fi òun sílẹ̀, ó ní, "Ó dára. N óò pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá mọ̀ ọ́n, máa lọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, dúró ti àwọn wọ̀nyí. Ayálégbé kan ń bẹ tí kì í san owó ilé. Onílé kò lè lé e. Ọjọ́ tí ó bá sì dìde nínú yàrá rẹ̀, onílé ni ó ń jáde. Ta ni?"

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti dáhùn kí ilẹ̀kùn ẹnu rẹ̀ tó padé. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jobí rò ó díẹ̀. Ó rántí àtíbàbà ọjà. Ó ní, "Ikú ni. Inú ara ènìyàn ni ó ń gbé."

Ara Agbowó-Òjìji gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń pa àlọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó pe ìdáhùn rẹ̀ sí i létí rí. Ó yíjú wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, bí ẹni tí ó gbọ́ tí ẹnìkan ń ká ẹní nínú ilé rẹ̀. Ibi tí ó ti ń wo ẹ̀yìn ni Ọdẹ́jobí ti gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, oorun sì padà sí ojú rẹ̀ bí omi.

Ọ̀nà náà já sí ìlú kan. Ìlú Agádágodo ni wọ́n ń pè é, n kò sì tíì gbọ́ ìròyìn ìlú tí ó lẹ́wà tó o. Ilé dúró ní ẹsẹẹsẹ, funfun bí ẹ̀wù ìyàwó, fèrèsé wọn yí gbogbo ara wọn ká. Ṣùgbọ́n agádágodo kọ́ sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ìlú sì tẹ́ ẹní sí ìta, wọ́n ń gbọ̀n lábẹ́ etí òrùlé.

Ọdẹ́jobí béèrè lọ́wọ́ obìnrin arúgbó kan pé, "Ìyá, ta ni ó ń gbé inú ilé wọ̀nyí?"

"Kò sí ẹnìkan."

"Kí ló dé tí ẹ kò wọlé?"

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá. "Àwọn ilé náà ń dúró de iye owó tí ó yẹ wọ́n ni. Bí a bá wọ̀ wọ́n, iyì wọn yóò wálẹ̀."

"Òtútù ń pa yín."

"Òtútù ń pa wá, ṣùgbọ́n iyì ilé ìlú wa kò lẹ́gbẹ́."

Nígbà tí Ọdẹ́jobí gbọ́ èyí, ẹnu rẹ̀ tí kò dùn tẹ́lẹ̀ wá korò bí ewúro. Ó ní òun kò rí òmùgọ̀ tí ó tó wọn láti ọjọ́ tí ìyá òun ti bí òun. Wọ́n gbé òkúta. Àwọn tí òtútù ti fẹ́ pa tán, wọ́n dìde láti jà fún ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn. Bí ọba wọn kò bá jáde ni, wọn ìbá ti pa á. Alákọ́kọ́rọ́ ni ọba náà. Kọ́kọ́rọ́ ni irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń ró wọnwọn dé ìdodo.

Alákọ́kọ́rọ́ ní, "Àlejò, ṣé ilé lo fẹ́? Ilé ni a ó fi pa ọ́." Wọ́n sì ju Ọdẹ́jobí sínú ilé tí ó lẹ́wà jù, wọ́n tì í.

Ó dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀. Òórùn òfìfo kún ibẹ̀. Láìpẹ́ ó gbọ́ ìró kan nínú ògiri, ró-ró-ró, bí ìgbà tí eku ń jẹ èkùrọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ sì wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Ikán ni. Ilé tí ènìyàn kò gbé, tí èéfín ìdáná kò kan àjà rẹ̀, tí ìgbálẹ̀ kò kan ilẹ̀ rẹ̀, ikán ni í gbé e. Ọ̀dà funfun nìkan ló kù tí ó ń mú ilé náà dúró. Ọdẹ́jobí fi èjìká kọlu ògiri, ó bẹ́ jáde, ilé náà sì rọ́ lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e fara tì í, òun náà rọ́. Ìyẹn ti èyí, èyí ti ìyẹn, títí gbogbo ẹsẹ̀ ilé náà fi di eruku níwájú Alákọ́kọ́rọ́.

 Obìnrin arúgbó tí Ọdẹ́jobí bá sọ̀rọ̀ wo òkìtì náà. Lẹ́yìn náà ó ju òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa igi tí ikán kò tíì jẹ. Ẹlòmíràn dara pọ̀ mọ́ ọn. Alákọ́kọ́rọ́ ń pariwo, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ́. Kò sí ẹni tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́jobí. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó ń bú wọn lọ títí ó fi wọ igbó padà.

Ní ìparí igbó náà, ó gun òkè kan. Òkè náà kùn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ wúwo. Sọ ohun tí o wá sọ, kí o sì kúrò lórí ìka ọwọ́ mi."

Obìnrin ni. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja títí dé ibi tí ojú kò lè tó, koríko hù ní àyà rẹ̀, èèrà ń tò lọ ní apá rẹ̀ bí ilà. Ọdẹ́jobí mọ̀ pé onílẹ̀ ni òun rí. Ó dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Látúndé ará Àgbàjọ ló ní ọdọọdún ni ẹ ń béèrè àfikún, pé bí òun kò bá fún yín, ẹ ó gbé wa mì. Mo wá bẹ̀ yín ni. Ìyàwó mi fẹ́ bímọ."

Obìnrin náà ní, "Àfikún kí ni? Kí ni n óò fi ṣe? Gbogbo ohun tí ẹ ní, ọ̀dọ̀ mi ni yóò padà sí. Onílé ń bọ̀, ayálégbé ń bọ̀. N kò kánjú."

"Ẹ kò béèrè?"

"Bàbá-ńlá Látúndé wá síbí nígbà ogun, ẹrù lórí rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, òjò ń pa wọ́n. Wọ́n ti lé e ní ìlú kan, wọ́n tún ti lé e ní èkejì. Ó dojú bolẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀. Mo ní kí ó jókòó. N kò bi í pé ọjọ́ wo ni yóò lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo sọ fún un, pé kí òun náà má ṣe lé ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ òrùlé rẹ̀ sínú òjò."

Inú bí Ọdẹ́jobí. Ó gbàgbé ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń parọ́ mọ́ yín, ẹ sì dákẹ́?"

"Ta ló bi mí?"

 Gbogbo ìlú ti bẹ̀rù onílẹ̀ láti ìran dé ìran, ẹnìkan kò sì wá béèrè.

Ọdẹ́jobí ní kí ó fún òun ní àmì tí òun yóò fi han ìlú. Obìnrin náà kọ̀. "Bí mo bá fún ọ ní àmì, orí àmì ni ẹ ó máa jà sí, ẹ ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀. Ibi tí Látúndé dúró sí, orí mi ni. Bí ó bá dá a lójú pé mo béèrè, kí ó bọ́ bàtà, kí ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ mí, kí ó sì tún un sọ. Máa lọ." Bí Ọdẹ́jobí ti yíjú, ó tún ní, "Ọmọ kékeré kan dé ọ̀dọ̀ mi láìpẹ́ yìí láti ìlú yín. Kò ní orúkọ. Bi ìyá rẹ̀ pé kí ni kí n máa pè é."

Ọdẹ́jobí fi ojú omijé gba igbó padà. Ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ọkùnrin náà ni, ẹ ó mọ̀ pé ìyẹn yà mí lẹ́nu ju iwin pákó lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ó wọ Àgbàjọ, àwọn àgbẹ̀ ń ru iṣu tuntun bọ̀ láti oko. Ó bá àwọn géńdé níwájú ilé rẹ̀, ọ̀kan gbé odó, èkejì ń fa ẹní. Ìbíwùmí jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì dí ọ̀nà, ó ń bú wọn. Baálẹ̀ àti àwọn ará ìlú ti pé sí àgbàlá. Látúndé dúró láàárín wọn, ó ní, "Ọdẹ, o pẹ́. Iṣu ti dé."

Gbogbo ènìyàn yíjú sí Baálẹ̀. Baálẹ̀ wo ilẹ̀, bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo Ìbíwùmí, ó wo ikùn rẹ̀, ó sì ní pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Iṣu tí ó wà lórí ẹni tí ó rù ú, tí wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀, kò tíì wọ ọjà. Ọdẹ, sọ ọ̀rọ̀ rẹ."

Ọdẹ́jobí rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó dé ibi bàbá-ńlá Látúndé nínú ẹrẹ̀, Látúndé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gbọ́ irọ́ ọdẹ. Àmì dà?"

"Kò fún mi ní àmì. Ó ní kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òun, kí ẹ tún un sọ pé òun béèrè."

 Ẹ̀yin mọ ohun tí ilẹ̀ ń ṣe fún ẹni tí ó bá dalẹ̀.

Látúndé ní, "N kò ní bọ́ bàtà nítorí ọdẹ."

Baálẹ̀ ní, "Ẹ bọ́ ọ nítorí wa."

"Ilẹ̀ tutù. Ara mi kò yá." Ó yíjú sí géńdé tó gbé odó. "Ìwọ, bọ́ bàtà tìrẹ, kí o bá mi sọ ọ́."

Géńdé náà sọ odó kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ní ọmọ." Ó sì gba ẹ̀yìn ogunlọ́gọ̀ lọ. Èkejì fi ẹní sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Látúndé nìkan ló kù láàárín àgbàlá, bàtà rẹ̀ ní ẹsẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Kò bọ́ ọ. Kò sì tún un sọ. Ìlú sì gbọ́ ohun tí kò sọ.

Ọdẹ́jobí fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ bá Mojéèrè ní ẹ̀yìn ogunlọ́gọ̀, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí i. Obìnrin náà kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹnu kan ilẹ̀, ó sọ orúkọ kan. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ nínú wa títí di òní.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe òfin Àgbàjọ, Látúndé sì jókòó lórí ìdí odó, ó ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní owó ilé kì yóò lé mọ́ àfi bí onílé àti àwọn tí ń gbé ibẹ̀ bá jókòó pọ̀ tí wọ́n sì fi ẹnu kò. Ẹni tí ó bá ń san tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í pé ọjọ́ wo ni yóò lọ. Ọdẹ́jobí, ẹni tí ó rí ohun tí ikán ṣe, kò jẹ́ kí wọ́n dìde títí wọ́n fi fi kún un pé ilé tí ó bá wà ní títì láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò, kí wọ́n ṣí i fún ẹni tí kò ní. Èyí tó ga jù ni pé ní ìgbà òjò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sínú òjò ní ìlú náà, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ àárín wọn rí.

Yàrá tí ó kọjú sí ti Ìbíwùmí ni wọ́n fún Mojéèrè. Òun ló gba ẹ̀bí Ìbíwùmí. Obìnrin ni ọmọ náà, ohùn rẹ̀ le bíi ti bàbá rẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òjò ńlá rọ̀. Ìloro kún fún ènìyàn. Mojéèrè jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọmọ náà sí itan. Nígbà tí ó gbójú sókè, ó rí Látúndé ní ìta. Òjò ti ká a mọ́ ojú ọ̀nà, kò sí òrùlé mìíràn nítòsí, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Kò lè sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé.

 Ọdẹ́jobí la ẹnu láti bú u, Ìbíwùmí sì dì í lọ́wọ́ mú, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀.

Mojéèrè wo Látúndé pẹ́. Ó fi aṣọ bo ojú ọmọ náà dáadáa kí ọ̀wààrà má baà ta sí i. Lẹ́yìn náà ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò ní ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ wọlé. Kì í ṣe nítorí yín."

Látúndé wọlé. Kò sí ẹni tí ó fún un ní àpótí. Ó fara ti ògiri, omi ń kán lára rẹ̀ sórí ilẹ̀, títí òjò fi dá.